Páìpù Dúdú Kì Í Gba Gọ́ọ̀mù
Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí títún ilé ṣe

Ọ̀rọ̀ omi la mú bọ̀ lónìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ páìpù tó ń gbé omi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjàngbọ̀n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná wá lóru, bàbá onílé sáré dìde, wọ́n tan sùmó, ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú bóhòlù. Sùmó kùn títí iná fi lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ayálégbé ṣí ẹ̀rọ, omi ń yọ tín-ín-rín. Wọ́n gun òkè lọ wo tánkì, kò tíì dé ìdajì. Ẹnì kan ní sùmó ti gbó. Ẹlòmíràn ní ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí omi inú ilẹ̀ fà sẹ́yìn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń dá owó sùmó tuntun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sùmó lè má ní àrùn kankan, kí omi sì wà nísàlẹ̀ wọ̀ǹtì-wọnti. Ibi tí wọ́n ti so páìpù kan mọ́ èkejì lomi ń gbà sá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ òní kò ju ẹyọ kan lọ: páìpù kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń so ó, èyí tó sì bá ọ̀kan mu lè ba èkejì jẹ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo páìpù ká tó mú irinṣẹ́.

Oríṣi páìpù rọ́bà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nílé wa. Èkíní ni PVC, èyí tó le gbagidi, tí wọ́n ń tà ní ọ̀pá-ọ̀pá, tí púlọ́ńbà ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Èkejì ni PPR, tí òun náà le, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná yọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó tì í bọ inú ara wọn. Ẹ̀kẹta lọ̀rọ̀ wa: páìpù dúdú tó ń tẹ̀, tí wọ́n ń ká jọ ní òbírí-òbírí, mítà 50 tàbí 100 nínú ìdì kan. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò láti inú bóhòlù dé orí tánkì, tàbí láti ibi tí omi ìjọba wà wọ inú ọgbà.

Polyethylene lorúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe páìpù dúdú yìí. Lọ́dún 1933, ní ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣèèṣì rí i nígbà tí wọ́n ń fi agbára ńlá ti gáàsì mọ́ra lábẹ́ ooru. Lọ́dún 1953, Karl Ziegler, ará Jámánì, wá rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe èyí tó le ju ti ìṣáájú lọ láìlo irú agbára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí òun àti Giulio Natta, ará Ítálì, jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1963. Ọ̀rá tí wọ́n ń pọn píọ̀ wọ́tà sí, ẹbí kan náà ni òun àti páìpù dúdú. Ọ̀rá rọ̀, páìpù le, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá wọn kò yàtọ̀.

Páìpù yìí ní ìwà tó dára. Kì í dípẹtà. Ó ń tẹ̀ yípo kọ̀rọ̀ ilé, nítorí náà kò béèrè ìsopọ̀ púpọ̀. Àwọ̀ dúdú tó ní kì í ṣe ẹwà lásán: èédú lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n pò mọ́ ọn, bí ìwọ̀n 2 sí 2.5 nínú 100, kí oòrùn má bàa sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ yàtọ̀ sí PVC, ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ jù ú sínú abọ́ omi. PVC á rì lójú ẹsẹ̀. Páìpù dúdú á léfòó. PPR náà máa ń léfòó, ṣùgbọ́n òun kì í tẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í ká a.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù PVC kì í ṣe àtè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ́ ojú PVC méjèèjì díẹ̀, wọ́n á wọra wọn, bí oògùn inú gọ́ọ̀mù bá sì ti fẹ́ lọ tán, wọ́n di ọ̀kan. Ó ṣòro láti yà wọ́n mọ́ láìjẹ́ pé a fi ayùn gé e. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yẹn kò lè yọ́ polyethylene. Orí rẹ̀ ni yóò dúró sí títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti ṣófo, kó fi gọ́ọ̀mù páìpù kùn ún, kó gbé e jìnnà sí iná nítorí pé gọ́ọ̀mù náà ń gbaná gan-an, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá rún ọ̀rá náà lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù á máa bó lára rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bó ṣe ń bó lára ọ̀rá ni yóò ṣe bó lára páìpù nígbà tí omi bá tì í. Kò sí iye gọ́ọ̀mù tí a dà sí i tó lè yí ìyẹn padà.

Àwọn mìíràn mọ̀ pé gọ́ọ̀mù kò ràn án, ni wọ́n bá ní iná ló kù. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi, màá fi iná fẹ̀ ẹ́, á wọlé." Wọ́n á tan ìwé tàbí gáàsì, wọ́n á yí ẹnu páìpù lórí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á wá ti ẹnu kejì bọ̀ ọ́. Lójú, ó dà bíi pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n polyethylene ń yọ́ ní nǹkan bí 130 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni ooru iná gáàsì ju 1000 lọ. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dá a dúró níbi tó yẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan á jó, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì le. Ibi tí wọ́n fẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe wà lọ, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bẹ́. Kò sì sí ohun tó di ẹnu méjèèjì mú ju fífún tí wọ́n fún mọ́ ara wọn lọ. Rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá wé mọ́ ọn lẹ́yìn náà, ìgbà díẹ̀ ló ń rà. Oòrùn á gbẹ ẹ́, á sán, omi á tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ọ̀nà méjì ló rọrùn fún iṣẹ́ inú ilé. Àkọ́kọ́ ni ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní compression. Ìkejì ni ìsopọ̀ oníkùn, tó ń wọ inú páìpù, tí a ń fi klíìpù irin fún pọ̀ láti ìta. Ọ̀nà kẹta wà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ yọ́ ẹnu páìpù méjì pọ̀ bí àwọn ilé iṣẹ́ omi ṣe ń ṣe. Ìyẹn nílò ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n ooru àti ọwọ́ tó kọ́ ọ, nítorí náà a ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká tú ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì wò. Nọ́ọ̀tì rọ́bà ńlá kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ẹ ó rí òrùka funfun kan tí wọ́n là ní ibì kan, tó ní eyín wẹ́wẹ́ nínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òrùka pẹlẹbẹ kan, lẹ́yìn ìyẹn ni òrùka rọ́bà dúdú tó rọ̀. Iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀. Òrùka rọ́bà ló ń dá omi dúró. Òrùka eléyín ló ń di páìpù mú kó má yọ. Ihò tí òrùka eléyín jókòó sí fẹ̀ lápá kan, ó sì há lápá kejì, nítorí náà bí omi bá ṣe ń ti páìpù síta tó ni eyín náà ṣe ń bù ú mọ́lẹ̀ tó. Agbára omi fúnra rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tí gọ́ọ̀mù kò lè ṣe nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára páìpù. Fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta ni nọ́ńbà 20, 25 tàbí 32 tó wà níbẹ̀, ní mìlímítà. Páìpù 25 gbọ́dọ̀ gba ìsopọ̀ 25. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi èyí tí wọ́n fi íńṣì wọ̀n rọ́pò rẹ̀ pé wọ́n sún mọ́ra, nítorí sísún mọ́ra kò dá omi dúró.

Ẹ gé páìpù lọ́gbọọgba. Bí ẹ kò bá ní ohun ìgé páìpù, ẹ wé bébà mọ́ ọn yí ká kí etí bébà bára mu, ẹ fi báírò fa ìlà sí etí rẹ̀, ẹ wá fi ayùn tẹ̀ lé ìlà náà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo wóróbo tó kù nínú àti lóde kúrò, kí ẹ sì fá etí òde kó dagun díẹ̀. Bí etí náà bá mú, òrùka rọ́bà ni yóò gé nígbà tó bá ń wọlé, ẹ kò sì ní rí i. Ẹ fi ọwọ́ pa páìpù náà wò. Bí wọ́n bá ti wọ́ ọ nílẹ̀ tó ti ha gbọọrọ lẹ́nu, ẹ gé ibẹ̀ dànù, torí omi á máa tọ ojú ibi tó ha yẹn jáde lábẹ́ òrùka.

Ẹ wá wọn bí páìpù ṣe gbọ́dọ̀ wọlé tó, láti ẹnu nọ́ọ̀tì dé ibi tí inú rẹ̀ ti dí, ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀. Àmì yìí ṣe pàtàkì ju spánà lọ. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ tàbí omi ọṣẹ ra ẹnu páìpù. Ẹ má lo epo ẹ́ńjìnnì tàbí gírísì o, nítorí wọ́n ń ba òrùka rọ́bà jẹ́. Ẹ tì í, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ le lọ́wọ́ yín nígbà tó bá kan eyín. Bó bá kọjá, yóò tún le lẹ́ẹ̀kejì: òrùka rọ́bà ló kàn yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń dúró, wọ́n á rò pé ó ti dé ìdí. Ẹ tún tì í títí àmì báírò yín yóò fi wọ abẹ́ nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọwọ́ dè é, kí ẹ wá fi spánà fún un díẹ̀ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nọ́ọ̀tì rọ́bà tí a fi gbogbo ara fún máa ń là. Ní ìparí, ẹ di páìpù mú, kí ẹ fà á pẹ̀lú agbára. Bó bá yọ lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe lábẹ́ ilẹ̀.

Ìsopọ̀ oníkùn yá ju ìyẹn lọ. Bí páìpù bá kọ̀ láti gba ikùn náà, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan. Ooru omi kò lè kọjá 100, nítorí náà yóò rọ̀ láìyọ́. Ẹ má gbàgbé láti fi klíìpù sí i lọ́rùn kí ẹ tó tì í. Klíìpù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ pé inú bóhòlù tàbí abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ, ẹ fi méjì-méjì sí ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí skúrù wọn wà ní òdìkejì ara wọn.

Téèpù funfun ńkọ́? Ó ní àyè tirẹ̀. Lójú òkò, ìyẹn ìlà tí wọ́n gé yípo ẹnu ohun tí a ń yí bọ inú irin tàbí tánkì, la ti ń lò ó, a sì ń wé e sí apá tí òkò ń yí sí kó má bàa tú nígbà tí a bá ń dè é. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì tí mo ṣàlàyé, kò ní iṣẹ́ kankan, torí òkò ibẹ̀ kọ́ ló ń dá omi dúró. Bí ẹ bá sì fẹ́ so páìpù dúdú mọ́ PVC, òkò ni kí ẹ fi làjà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìsopọ̀ olókò mọ́ PVC, ẹ fi ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì olókò mú páìpù dúdú, kí ẹ wá yí òkò méjèèjì bọra wọn. Báyìí, kálukú gba ìsopọ̀ tó bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá onílé àti sùmó wọn. Ní gbogbo mítà 10 tí omi bá gùn, ó ń fi nǹkan bíi báà 1 (báà ni òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń ti nǹkan) ti páìpù. Bí ojú omi bá wà ní mítà 40 nísàlẹ̀, tí tánkì sì ga ní mítà 6, ìsopọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò ní gbé ju bíi báà kan lọ nígbà tí omi bá ń lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà nítòsí sùmó ń gbé tó báà 4.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìsopọ̀ kan náà fi lè dúró fún ọdún lórí ilẹ̀, kó sì yọ láàárín oṣù kan nínú bóhòlù. Èyí tó bá jò nínú bóhòlù, inú bóhòlù náà lomi ń padà sí. Ilẹ̀ kò ní rin, etí kò ní gbọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan wà: bí ẹ bá tan sùmó, tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń fẹ́ jáde lẹ́nu páìpù tánkì, tí omi sì ń pẹ́ kó tó dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, páìpù ti ń ṣófo nígbà tí sùmó bá sinmi. Ó lè jẹ́ ìsopọ̀, ó sì lè jẹ́ fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ẹ yẹ méjèèjì wò kí ẹ tó ra sùmó. Èyí tó dára jù ni pé kí páìpù inú bóhòlù jẹ́ odidi kan láìsí ìsopọ̀ láàárín. Ọlá páìpù tí wọ́n ń ká nìyẹn, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́.

Ẹ tún wo PN tí wọ́n kọ sára páìpù. PN 10 túmọ̀ sí pé yóò gbé báà 10 nígbà tí ooru bá wà ní 20. Bí ooru bá dé 40, yóò ṣẹ́ kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oòrùn wa tún ń mú kí páìpù yìí gùn. Mítà 10 rẹ̀ lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 gùn sí i bí ooru bá fi 30 lọ sókè, kó sì tún súnkì lóru. Bí ẹ bá nà án tantan láàárín ìsopọ̀ méjì ní ọ̀sán gangan, òru ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ yọ. Ẹ tẹ́ ẹ ní wọ́gọwọ̀gọ, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ kí oòrùn má rí i.

Èyí tó kan ìlera ló kù. Páìpù omi ìjọba ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ń gba inú gọ́tà kọjá, omi rẹ̀ kì í sì í ṣàn ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí omi bá ń ṣàn, ìsopọ̀ tó jò ń tú omi síta. Nígbà tí omi bá dá, tí páìpù sì ṣófo, ojú ihò kan náà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Garawa àkọ́kọ́ tí ẹ bá pọn lẹ́yìn náà lè gbé onígbáméjì tàbí táífọ́ọ̀dù dání. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìsopọ̀ kankan sínú gọ́tà. Odidi páìpù ni kó gba ibẹ̀, kí ó gba inú páìpù mìíràn tó tóbi jù ú lọ, kí ìsopọ̀ sì wà ní gbangba níbi tí ojú ti lè tó o.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún púlọ́ńbà. Ẹ má jẹ́ kó bo kòtò lọ́jọ́ tó bá ṣe iṣẹ́ tán. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tan sùmó ná, kí omi kún, kó di ọ̀la." Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan yí ká. Èyí tí tíṣù bá rin lára rẹ̀, kí ó tú u, kí ó tún un ṣe lójú yín. Èyí tó bá gbẹ, ẹ bò ó, kí ẹ san owó rẹ̀ pé. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Ẹni tó bá sì fa ìṣáná yọ nígbà tó rí páìpù dúdú, ẹ bá mi ní kó dákun fi í pamọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fífọ tánkì la ó sọ̀rọ̀ lé lórí.